Ìwé tuntun wo lẹ kà tán? Ẹ má purọ́ o

Akàwé Tanke
Ẹ kú ìjókòó o. Mo ní ìbéèrè, òótọ́ ni mo sì fẹ́. Nínú àwọn ìwé ìtàn tuntun tí gbogbo ayé ń pariwo, èwo lẹ kà tán, kí sì lojú yín rí nídìí ẹ̀? Èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mẹ́rin ni mo rà lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan ni mo kà tán. Nígbà tí mo ka èkejì dé ojú ìwé 60, mo fi bílì iná há a, bílì yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ìjà èmi àtàwọn òǹkọ̀wé ìsìnyí ni pé gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé wọn ló ń ronú, kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan. Obìnrin á jí láàárọ̀, á máa wo àjà fún ojú ìwé mẹ́fà. Ṣé kò ní dìde lọ pọnmi ni?

Ìjàkadì_Lorò
Ṣé ẹ ti san bílì náà?

Akàwé Tanke
Iná wo ni wọ́n mú wá tí n ó sanwó ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ̀gbọ́n Tanke, ẹ ka ti Oyinkan Braithwaite, My Sister, the Serial Killer, tó jáde ní 2018. Àbúrò ń pa ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń bá a nu ẹ̀jẹ̀. Kò sáàyè pé ẹnì kan ń wo àjà. Orí ìwé kọ̀ọ̀kan kò ju ojú ìwé díẹ̀ lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà tí mo kà á. Aláìsàn kan pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù, wọ́n ń gbé òkú lọ sódò. Ọkùnrin náà kò pè mí mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Màmá Sùkúrá
Tèmi ni Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, 2017 ló jáde. Inú ọkọ̀ ni mo ti kà á parí, mò ń ti Ìlọrin lọ sí Òmù-Àrán. Ká tó dé Ìdọ́fìàn, omi ti ń bọ́ lójú mi. Nígbà tá a dé Ajàṣẹ́, mo ti ń fi ìbòrí nu imú. Màmá kan jókòó tì mí, ó gbé ike wàrà lé itan. Ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, ta ló kú?" Mo ní Màmá, kò sẹ́ni tó kú o, ìwé ni. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó gbé ike wàrà ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tá a fi sọ̀.
Ìtàn tọkọtaya Iléṣà kan tó ń wá ọmọ ni. Ìyá ọkọ inú ẹ̀, àfi bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ti gbé ilé wa rí.

Ìjàkadì_Lorò
Ó yẹ kí màmá yẹn sá lóòótọ́.

Gáà-Àkànbí Boy
Ṣé èyí tó jẹ́ pé ọkọ yẹn fúnra ẹ̀ ló lọ

Màmá Sùkúrá
PANU MỌ́! Àwọn kan kò tí ì kà á!

Gáà-Àkànbí Boy
Ẹ má bínú mà. Ta ló ní PDF ẹ̀?

Màmá Sùkúrá
Olè.

Gáà-Àkànbí Boy
Ìwé tí wọ́n pè ní ₦9,500 fún mi. Èmi àti wọn, ta lolè?

Ọmọ Òkè-Ìmálè
Ohun tí kò yé mi: ará Iléṣà ń bá ará Iléṣà jà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Ìyá mi ì bá gbádùn ìtàn yẹn ju gbogbo wa lọ, kò sì lè kà á. Mo gbìyànjú láti máa kà á sí wọn létí lédè Yorùbá. Ibi tí wọ́n ti mú ìyàwó kejì wọlé ni ìyá mi ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àǹtí wọn kan. Ojú ìwé 20 ni mo ṣì wà.

Tíṣà Òmù-Àrán
Ẹ fi tuntun sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ ti ògbólógbòó. Bàbá mi ní Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, ìtàn Àkàrà-Ògùn ọdẹ. Ìwé náà ti wà láti 1938, ilé ìwé Modern ni bàbá mi wà tí wọ́n fi ra tiwọn. Wọ́n máa ń fi báírò pupa kọ̀wé sétí ẹ̀. Níbi tí ọdẹ tó ń jẹ́ Kàkò ti ṣe ohun tó ṣe fún ìyàwó tí kò fẹ́ kó lọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èyí kò dáa."
Aládùúgbò wa yá a fún ọmọ ẹ̀ pé iṣẹ́ ilé ni. Oṣù mẹ́jọ kọjá. Nígbà ọyẹ́ báyìí, mo ra àkàrà ₦500 níwájú ilé. Mo jókòó, mo já a, òróró ti mu bébà náà dé òdì kejì. Mo ṣáà ń wo nǹkan pupa kan lábẹ́ àkàrà, mo rò pé ata ni. Mo fìka nù ún. "Èyí kò dáa."
Mo sáré padà sọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Òkìtì ìwé náà wà lábẹ́ àpótí ẹ̀. Mo ní kó tà á fún mi, ó ní kí ni òun máa wá fi wé ọjà? Ni mo bá ra gbogbo àkàrà tó kù. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ń ṣe sàráà ni?" Abala 11 ni mo rí gbà.

Ìjàkadì_Lorò
Ẹ dúró ná. Wọ́n fi ìwé Àkàrà-Ògùn wé àkàrà?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́ sà.

Gáà-Àkànbí Boy
Èmi ò gbà. Nínú gbogbo abala ìwé yẹn, èyí tí bàbá yín kọ nǹkan sí gan-an ló bọ́ sọ́wọ́ yín? Ẹ lọ sọ ọ́ lọ́jà Ìpáta.

Tíṣà Òmù-Àrán
Kò sí abala tí bàbá mi kò kọ nǹkan sí.

Màmá Sùkúrá
Ẹ sì lọ bá aládùúgbò náà?

Tíṣà Òmù-Àrán
Mo lọ. Ó ní ọmọ òun ni. Ọmọ ní ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì
E ma binu, foonu mi ko ni ami. Temi tun buru. Oko mi lo ba Half of a Yellow Sun mi je.

Ìjàkadì_Lorò
Ọkọ, ọkọ̀, oko, àbí ọkọ́? Ká mọ ẹni tá a máa bá wí.

Ìyá Ìbejì
Eyi ti mo fe nile baba mi. O fi ti ese tabili, o ni iwe yen nipon daadaa.

Akàwé Tanke
Òun ló mọyì ìwé jù nínú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, àmì ohùn yìí wà lára ohun tó ń lé àwọn ọmọ sá fún ìwé Yorùbá. Ọmọ mi ní ó dà bíi pé eèrà bo ojú ìwé.

Tíṣà Òmù-Àrán
Ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn lẹ̀ ń wá ọkọ nínú oko.

Ìjàkadì_Lorò
Ẹ̀yin ará Ìlọrin kúkú kì í kàwé. Ẹran àti wàrà ni tiyín.

Ọmọ Òkè-Ìmálè
Ta lò ń bá wí? Bàbá àgbà mi kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n kò sálẹ́ tí fìtílà wọn kú kí wọ́n tó ka tírà. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìwé? Ṣéù Ádámù Al-Ilọrí tó dá ilé kéú Markaz Agége sílẹ̀, mélòó nìwé tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ kí wọ́n tó lọ ní 1992? Ẹ lọ kó o jọ, ẹ máa sinmi kí ẹ tó kà á tán.

Ìjàkadì_Lorò
Ìwé ìtàn là ń sọ níbí, Àlùfáà.

Ọmọ Òkè-Ìmálè
Sweet Sixteen tí JAMB ní kẹ́ ẹ kà ńkọ́? Bolaji Abdullahi, ọmọ Ìlọrin.

Ìjàkadì_Lorò
JAMB ló fipá mú mi.

Ọmọ Òkè-Ìmálè
O kà á tán àbí o ò kà á tán?

Ìjàkadì_Lorò
Mo kà á tán. Lẹ́ẹ̀mejì.

Akàwé Tanke
Ó ṣẹlẹ̀ ná! Ẹnì kan ti dáhùn ìbéèrè mi.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Tíṣà, mo ní Ògbójú Ọdẹ nílé. Tẹ́ ẹ bá sọ ojú ìwé tó dín fún mi, n ó bá yín ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀.

Tíṣà Òmù-Àrán
Ẹ ṣé gan-an, ọmọ mi. Mo ti ra òmíràn ní Ọ̀fà. Ti báírò pupa yẹn ni mo ṣì ń wá.

Màmá Sùkúrá
Àkàrà náà ńkọ́ sà?

Tíṣà Òmù-Àrán
Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ ẹ́.