Báńkì dá owó ìrànwọ́ wa sí Borno dúró: ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a kọ sí wọn?

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú àti owó orí ni a máa ń bá ara wa sọ jù níbí, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé tèmi yìí yẹ̀ wò. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi dé Maiduguri, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, àwọn ìyá Kànúrí tí a jọ wà nínú ọgbà kan náà ló sì bá màmá mi wẹ̀ wá. Nígbà tí a gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò náà ti di ogunléndé, èmi àti obìnrin mọ́kànlá dá 2,600 pọ́ùn jọ fún ìrẹsì, àwọ̀n ẹ̀fọn àti ohun èlò ìbímọ, mo sì fi í ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì ẹgbẹ́ wa sí ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwọn obìnrin dá sílẹ̀ ní Maiduguri. “Ìrànwọ́ ogunléndé Borno” ni mo kọ sí ibi tí wọ́n ní kí a kọ ìdí owó sí.

Ní ọjọ́ kẹrin ni báńkì ti àkáǹtì náà pa. Kì í ṣe owó Borno nìkan ló há síbẹ̀ o, owó ìsìnkú tí a ń dá lóṣooṣù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ọkọ ọ̀kan nínú wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Wọ́n kọ ìbéèrè méje sí wa, wọ́n sì fún wa ní ọjọ́ 14. Ìkẹfà ni kò jẹ́ kí n sùn: wọ́n ní kí a ṣàlàyé bí a ṣe mọ̀ pé àwọn tí yóò gba nǹkan náà kò ní àjọṣe kankan pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé nígbà míì kí n fi owó rán ẹni tó ń lọ sílé, kí n má sì dárúkọ Borno rárá. Ṣé a ti ṣẹ̀ sófin ni? Kí ni kí a kọ?

Akápò àná, Manchester

Ẹ kú ìdààmú, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jẹ akápò ẹgbẹ́ aláàánú kan níhìn-ín, irú ìwé yìí sì wọlé tọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù: ẹ má ṣe fi owó náà gba ẹ̀yìnkùlé. Òfin tí ìlú ọba ṣe lórí ìgbésùnmọ̀mí ní ọdún 2000 kò dá ẹnikẹ́ni sí nítorí pé àánú ló ṣe é. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ẹ mọ̀, tàbí bóyá ìdí wà tó fi yẹ kí ẹ fura, pé owó náà lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí, ìjìyà rẹ̀ sì lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Boko Haram ti wà nínú àwọn ẹgbẹ́ tí òfin náà kà léèwọ̀ láti ọdún 2013. Bí ẹ bá wá fi orúkọ Borno pamọ́, tí ẹ kó owó lé arìnrìn-àjò lọ́wọ́, ṣe ni yóò dà bí ẹni pé ẹ̀yin fúnra yín fura, ẹ kò sì ní ní ìwé kankan tí ẹ lè fi dá ara yín láre. Ohun tí ẹ kọ sí ibi ìdí owó yẹn, òótọ́ ni, òun náà ni yóò sì gbà yín.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú fífi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ogunléndé. Àmọ́ ẹ fi ara yín sí ipò báńkì: èrè tí wọn yóò rí lórí 2,600 pọ́ùn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ìtanràn tí wọ́n lè san bí ó bá ṣìnà lè jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, nítorí náà ó rọrùn fún wọn láti ti àkáǹtì ju kí wọ́n fara balẹ̀ ka ìwé lọ. FATF, àjọ àgbáyé tó ń fi ìlànà lélẹ̀ lórí owó ìgbésùnmọ̀mí, ló dá ìpayà yìí sílẹ̀ ní ọdún 2001, nígbà tó kéde pé àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wà lára àwọn tí agbésùnmọ̀mí tètè lè lò. Ọdún 2016 ló tó yọ gbólóhùn náà kúrò, tó ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan wo ibi tí ewu wà gan-an kí wọ́n tó di ẹrù lé ẹgbẹ́ lórí. Ọdún 15 gbáko nìyẹn, àṣà tó sì ti wọ báńkì lára fún ọdún 15 kì í tán lọ́jọ́ kan. Nàìjíríà pàápàá wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ náà ń ṣọ́ lójú méjèèjì láti oṣù kejì ọdún 2023 títí di oṣù kẹwàá ọdún 2025, èyí sì sọ gbogbo owó tó bá dárúkọ Nàìjíríà di ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ìdáhùn yín, ẹ dá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lóhùn ní ṣókí, kí ẹ sì fi ìwé ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Ẹ gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC lọ́wọ́ àwọn ará Maiduguri, kí ẹ gba ìwé SCUML pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀ka EFCC tí àwọn báńkì Nàìjíríà máa ń béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláàánú. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí yín tí yóò dárúkọ àdúgbò tí wọn yóò ti pín nǹkan, ọjà tí wọn yóò ti rà á, iye àpò ìrẹsì, àti ẹni tí yóò máa tẹ̀ka sí i pé òun ti gbà á. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ orúkọ ẹni méjìlá tó dá owó àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ náà àti ti àwọn aláṣẹ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ìjọba Bírítéènì fi òfin dè, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà ní ọ̀nà tí ọjọ́ tí ẹ wò ó yóò fi hàn. Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹfà nìyẹn. Wọn kò ní kí ẹ mọ ọkàn ènìyàn, ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni ìsapá tí ẹ ṣe.

Ẹ sì yọ owó ìsìnkú kúrò nínú àkáǹtì tí ẹ fi ń ṣe ìrànwọ́, nígbà tí wọ́n bá ti ṣí i. Àṣìṣe tí àwa náà ṣe nìyẹn, opó kan ló sì jìyà rẹ̀.

Àbúrò yín, Leeds

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí? Mo kà á pé ìpinnu kan wà tó ní kí wọ́n má dí ìrànwọ́ lọ́wọ́ mọ́.

Akápò àná, Manchester

Ó wà, àbúrò, ìpinnu 2664 ti ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 2022 ni. Ó sọ pé òfin tó ń gbẹ́sẹ̀ lé owó àwọn tí Ìgbìmọ̀ Aláàbò àjọ náà fi òfin dè kò gbọ́dọ̀ dí oúnjẹ, oògùn àti ìrànwọ́ mìíràn fún ẹ̀dá lọ́wọ́, Bírítéènì sì ti fi í sínú òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni kí ẹ kíyè sí. Àwọn tó dárúkọ ni àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àwọn ẹgbẹ́ tí ìjọba tàbí àjọ àgbáyé ń fún lówó, tí wọ́n sì wà nínú ètò ìrànwọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń darí, àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àjọ àwọn obìnrin méjìlá ní Lọ́ńdọ̀nù kò sí lára wọn, àfi bí owó wọn bá gba ọwọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Èkejì ni pé ìgbẹ́sẹ̀lé owó nìkan ló kàn, kò fọwọ́ kan ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú òfin ọdún 2000. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ kékeré pé kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ alábàáṣepọ̀ wọn ní Nàìjíríà bóyá ó wà nínú ètò ìrànwọ́ náà. Bí ó bá wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà wọn sí báńkì.

Nọ́ọ̀sì, Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Mo ṣiṣẹ́ ní Borno láti ọdún 2017 sí 2019 kí n tó wá síbí, mo sì fẹ́ kí Ìyá Ìbejì mọ̀ pé ìfura tó dá owó wọn dúró ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Monguno. Mo rántí ọjọ́ kan tí àwọn sójà já gbogbo páálí oúnjẹ ẹ̀pà tí a fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ebi ti rù kalẹ̀, tí wọ́n ka ọ̀rá inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oòrùn títí ọjọ́ fi rọ̀, nítorí pé ìyàtọ̀ ọ̀rá díẹ̀ wà láàrin ìwé wa àti ẹrù. Wọ́n ní ìdí tiwọn, torí àwọn ọlọ̀tẹ̀ máa ń jí oúnjẹ gbé, ajílẹ̀ kan sì wà tí wọ́n ń fi ṣe bọ́ǹbù. Àmọ́ ọmọ tí a ń gbé e lọ fún kò lè dúró dè wá.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, iléeṣẹ́ ológun ti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ìrànwọ́ Action Against Hunger pa ní Maiduguri, wọ́n ní ó ń fún Boko Haram ní oúnjẹ àti oògùn. Ẹgbẹ́ náà sọ pé irọ́ ni. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ìrànwọ́ mìíràn, Mercy Corps, pa, ó sì di ìparí oṣù kẹwàá kí ìjọba àpapọ̀ tó ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti pa agbẹ̀bí méjì tí wọ́n jí gbé ní Rann, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n bá Red Cross ṣiṣẹ́. Ẹ wo ibi tí òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ dúró sí: ọ̀tún ń fura sí i, òsì ń pa á.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn obìnrin tó sá jáde láti inú igbó. Obìnrin kan gbé ọmọ wá síwájú mi, ọmọ náà kò tó ìwọ̀n kílò mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lọ́dún kan. Wọ́n fi tipátipá fẹ́ ìyá rẹ̀ ni. Gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà nígbà náà tó ní kí ẹgbẹ́ gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó ran ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé ó ti bá Boko Haram gbé lọ́wọ́, ìjiyàn sì bẹ́ láàrin wa lórí bóyá òun wà lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo tọ́jú ọmọ náà kí ìjiyàn tó parí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, òfin tibí le ju ti ìlú ọba lọ ní apá kan. Ní ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ Holder pé kíkọ́ ẹgbẹ́ tí a fi òfin dè ní ọ̀nà àlàáfíà pàápàá lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún un. Oògùn nìkan àti ìwé ẹ̀sìn ni òfin náà yọ sílẹ̀ kedere. Oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ rántí Sòmálíà: ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí al-Shabaab lé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìrànwọ́ jáde, Amẹ́ríkà sì dín owó tirẹ̀ kù nítorí ìbẹ̀rù òfin yìí, ìyàn sì pa nǹkan bí 258,000 ènìyàn láàrin ọdún 2010 àti 2012, tí ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ti nọ́ọ̀sì wa yìí fún àwọn obìnrin wa lórí fóònù, a kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti pe báńkì láàárọ̀, ọmọdébìnrin tó gbé fóònù sì jẹ́ kó yọ sí mi létí pé orúkọ ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà jọ orúkọ kan tí wọ́n ní lọ́wọ́. Abubakar ni orúkọ bàbá rẹ̀.

Akápò àná, Manchester

A kúkú mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Abubakar mélòó ló wà ní Ìbàdàn nìkan? Kọ̀ǹpútà ló ń fi orúkọ wé orúkọ, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ẹ fi orúkọ obìnrin náà ní kíkún ránṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìlú tí wọ́n bí i sí àti ojú ewé àkọ́kọ́ páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé obìnrin ni. Ọjọ́ ìbí ló máa ń ya ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀ kíá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú sínú ìwé ọ̀tọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda ìyẹn ṣáájú. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá lẹ́yìn tí ẹ ti fi ẹ̀sùn yín sun báńkì náà ní kíkọ, tí ẹ kò sì rí ojútùú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàrin báńkì àti oníbàárà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má bá àwọn tó ń gbé fóònù jà, nítorí òfin lè má gbà wọ́n láyè láti sọ ìdí fún yín.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Mo ti gbọ́. Obìnrin náà ti fi káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp báyìí, ọdún 1979 ni wọ́n bí i, ní Bama. Mo ń kọ ìwé náà lọ́wọ́ lálẹ́ yìí, ti ìsìnkú ni mo kọ́kọ́ kọ.