Kókó tó máa ń yọ níbi tí ojú rírán ti pàdé

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Lórí kókó tó máa ń yọ lára quilt, ìyẹn kúbùsù tí wọ́n fi ègé aṣọ so pọ̀, níbi tí ojú rírán ti pàdé, ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló ń pa á rẹ́, apá ibi tóo bá da etí aṣọ tó kù lẹ́yìn ojú rírán sí ni.

Adó-Èkìtì ni mo ti ń ránṣọ. Obìnrin kan láti Ìkẹ́rẹ́ ló gbé àpò ègé aṣọ ẹbí wá fún mi, àbúrò ẹ̀ bímọ sí Kánádà, ó ní kí n so gbogbo ẹ̀ pọ̀ di kúbùsù, kí ọmọ náà lè máa fi aṣọ ìnáwó ilé wọn bora. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an. Ankara ló pọ̀ jù níbẹ̀, gíní wà níbẹ̀, aṣọ òkè náà wà, àmọ́ mo yọ aṣọ òkè sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, mo ní ká fi ṣe ìrọ̀rí, torí tóo bá ká etí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré ó ti le bíi páálí. Mo fọ àwọn ankara kí sítáàṣì ara wọn lè jáde, torí ankara tuntun máa ń gan, etí ẹ̀ kì í fẹ́ sùn.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Bó ṣe dé ibi tí ègé mẹ́rin ti pàdé báyìí, ẹsẹ̀ máṣíìnì gun òkè, kò lọ mọ́, òwú ń fo, abẹ́rẹ́ ṣẹ́. Ló bá gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e, ó ń fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dúró, mo dojú aṣọ dé, mo ní kó kà á. Etí ìlà ègé òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló dà sápá kan náà, nígbà tó wá rán ìlà méjèèjì pọ̀ tó tún da etí yẹn wálẹ̀, ìpele aṣọ 9 ló kóra jọ sójú kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ò sì ju 3 lọ. Áyọ́ọ̀nù wo ló fẹ́ tẹ ìyẹn?

A tú u. Ìlà àkọ́kọ́, a da gbogbo etí ẹ̀ sápá ọ̀tún, ìkejì sápá òsì, ìkẹta sí ọ̀tún padà, bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Tóo bá wá kọjú wọn síra, ojú rírán méjèèjì á há síra wọn, wàá fi àtàǹpàkò mọ̀ ọ́n, kò tiẹ̀ fẹ́ píìnì púpọ̀. Ìpele 9 yẹn á di 7 lápá kan, 5 lápá kejì. Àmọ́ èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù nìyí: kóo tó lọ̀ ọ́, wo inú etí yẹn, wàá rí ẹyọ òwú méjì mẹ́ta láti ara ojú rírán àkọ́kọ́ tó kọjá ojú rírán kejì, ìyẹn nìkan ni kóo tú, má fọwọ́ kan ojú rírán gangan o. Etí ọ̀hún á là, wàá lè da apá kan sókè, ìkejì sísàlẹ̀, kí gbogbo wọn máa tẹ̀lé ara wọn yí po, ègé mẹ́rin kéékèèké á sì hàn láàárín lẹ́yìn ẹ̀. Kókó tán nìyẹn.

Tó bá jẹ́ onígun mẹ́ta 8 ló fẹ́ forí korí, èmi máa ń la etí sápá méjèèjì ni, mo sì máa ń dín gígùn ẹsẹ̀ ìrán kù, torí òwú nìkan ló dì í mú níbẹ̀. Ṣóńṣó tó bá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gé e.

Àwa télọ̀ ti mọ́ lára láti yọ etí tó pọ̀ sílẹ̀ torí oníbàárà lè sanra, kúbùsù ò nílò ẹ̀, 1/4 ínṣì tó, kó ṣáà dọ́gba. Ẹ má fa áyọ́ọ̀nù lórí ẹ̀ o, ẹ gbé e lé e, ẹ gbé e kúrò, pàápàá èyí tẹ́ ẹ gé ní báyáàsì, ìyẹn ní ìdagẹ̀rẹ́, ó máa ń fẹ̀. Mo ní kí kápẹ́ńtà gé igi líle pẹlẹbẹ kan fún mi, tí wọn ò kùn, tí mo bá ti wọ́n omi tí mo lọ̀ ọ́, màá gbé igi yẹn lé e títí á fi tutù. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 11 àti òwú tín-ín-rín ni mo fi so ó, ìgbà tí mo fi fóòmù sínú ni mo tó pààrọ̀ ẹ̀ sí 14.

Gíní ní tiẹ̀, mi ò kó o sí àárín níbi tí ojú rírán ti pàdé, ó máa ń yọ̀, etí ẹ̀ sì ń tú. Ègé gígùn gígùn ni mo gé e sí, mo fi yí etí kúbùsù náà ká.