Gbèsè ẹja: ṣé owó yìí ló wọ́n ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣírò?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:
Ẹ káàárọ̀ o. Ẹja àrọ̀ ni mò ń yan tà. Mo yá 100,000 náírà gbọ́mú-lé-lántà, mò ń dá 5,000 padà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 24. Wọ́n ní èlé rẹ̀ ò ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kí ló wá dé tó fi dà bíi pé apẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń pọnmi? Lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò wọ ààrò, ẹja agbọ̀n kan bàjẹ́. Mo ṣì san.

Tíṣà Ìkòròdú:
Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá wa. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ ti ń dá owó padà, síbẹ̀ orí odindi 100,000 ni wọ́n ka èlé sí. 20 yẹn náà, ti ọ̀sẹ̀ 24 péré ni, kì í ṣe ti ọdún. Tí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ó tó nǹkan bíi 78 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Ẹ fi ti alájọ kún un. Mo ń dá 1,000 lójúmọ́. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé, 29,000 ló ń kó fún mi. Báńkì ń fún olówó lélé, èmi ń sanwó kí wọ́n tó bá mi tọ́jú tèmi! Àmọ́ alájọ ń wá bá mi nídìí ìsọ̀ o, báńkì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:
Háà, 78! Ṣé kí n kúkú bá wọn dá èésú ọjà? Àwa mẹ́wàá, 10,000 lọ́sẹ̀.

Tíṣà Ìkòròdú:
Ó sàn jù, tí ẹni tó kọ́kọ́ kó o ò bá sá lọ.