Ta ni "yín" tó wà nínú Jeremáyà 29:11? Ọmọ mi bi mí, mi ò rí èsì

Ìyá Tẹ́lọ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí láti kékeré, ẹgbẹ́ akọrin sì ni mo wà. Ẹsẹ kan wà tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ mí, Jeremáyà 29:11, "èrò tí mo rò sí yín, àní èrò àlàáfíà, kì í sì í ṣe fún ibi." Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, òkè máṣíìnì gan-an. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ń bá mi já òwú lára aṣọ ẹbí kan. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, ta ni 'yín' tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ yẹn?" Mo ní àwa ni. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti mọ̀ wá nígbà yẹn ni?" Kọ́sítọ́mà tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò ka orí yẹn tán rí. Ọdọọdún ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì. Tí mo bá ti dé Léfítíkù, ó parí. Alẹ́ ni mo sì ń kà á. Ẹsẹ mẹ́ta, oorun ti gbé mi lọ. Ẹ̀yin tó ń kà á tó ń yé yín, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Léfítíkù! Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. 😂 Èmi náà jókòó, mò ń retí ìdáhùn.

Alágbà Olùkọ́: Ìyá Tẹ́lọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ yín ti bá yín bẹ̀rẹ̀ ná. Ọlọ́run kì í pọ́n ọmọ èèyàn lé kó wá pè é ní "ẹ̀yin". "Yín" yẹn, èèyàn púpọ̀ ni. Ẹ ṣí ẹsẹ kìíní orí kan náà, ẹ ó rí i pé lẹ́tà ni. Jerúsálẹ́mù ni Jeremáyà wà tó fi kọ ọ́ sí àwọn tí Nebukadinésárì ọba ti kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì. Ní ẹsẹ 5, ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà. Ní ẹsẹ 7, ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún ìlú náà. Ìlú àwọn tó kó wọn lẹ́rú o! Ẹsẹ 10 wá sọ iye ọdún: 70. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó gbọ́ lẹ́tà yẹn, ibẹ̀ ni wọn máa kú sí.

Ẹ tún padà sí orí 28. Wòlíì kan wà níbẹ̀, Hananáyà, tó ń kéde pé láàárín ọdún 2 péré, Ọlọ́run á dá gbogbo wọn padà. Ká má tan ara wa, àmín ti Hananáyà ni èmi ìbá ṣe, kíkankíkan. Ìgbà tí mo ka orí méjèèjì pọ̀ ni ẹsẹ 11 wá wúwo lọ́kàn mi. Ẹ má yọ ọ́ kúrò lára ògiri o.

Nọ́ọ̀sì Òru: Mọ́mì, ẹ fi Jẹ́nẹ́sísì sílẹ̀ ná, ẹ mú Máàkù. Orí 16 péré ni. Ẹni tó bá ti ń tẹ máṣíìnì láti àárọ̀, alẹ́ kọ́ ni tiyín. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń kà á, ẹ pa dátà. Ẹyọ WhatsApp kan tó bá ti wọlé, ó tán. Ẹ ka orí kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì máa kọ èyí tí kò yé yín sílẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ wa nìkan la sábà máa ń kọ.

Ajíhìnrere: Ìmọ̀wé yìí ti ń pọ̀ jù o. Ìwé a máa pani, ẹ̀mí a máa sọni di ààyè. Ẹ gbàdúrà, Ẹ̀mí Mímọ́ á fi yé yín.

Alágbà Olùkọ́: Àbúrò, mi ò bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Dáníẹ́lì orí 9. Ní ẹsẹ 2, ìwé ni Dáníẹ́lì ń kà, ọ̀rọ̀ Jeremáyà yìí kan náà ló sì ti rí 70 ọdún. Ẹsẹ 3 ló tó kọjú sí àdúrà àti ààwẹ̀. Ẹ bá mi wo ibi tí wọ́n kọ "ìwé a máa pani" sí pẹ̀lú, kí ẹ sọ fún wa ìwé tí Pọ́ọ̀lù ń sọ níbẹ̀.

Ajíhìnrere: Kọ́ríńtì kejì ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ kà á dáadáa ná, sà.

Ìyá Tẹ́lọ̀: Mo ti padà dé o, ó di ọjọ́ kẹrin. Aago márùn-ún ìdájí ni mo fi sí, kí àwọn ọmọ tó jí. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n kọ́sítọ́mà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń kọ ìbéèrè sí, ó ti pé méje. Mo ka lẹ́tà Jeremáyà fún ọmọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Nígbà tí 70 ọdún pé, ṣé wọ́n padà sílé lóòótọ́?" Mo ní mi ò mọ̀, màá béèrè. Alágbà, ẹ gbà mí o.

Alágbà Olùkọ́: Ẹ́sírà orí 1. Orúkọ ẹnì kan tí ọmọ yín ti mọ̀ wà ní ẹsẹ kìíní, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un. Ẹ jẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀.