Gbèsè mẹ́rin, owó ilé kan, ìṣirò ò sì wọ̀ mí lórí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ, Gáà-Akanbí:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Aránṣọ ni mí níbí ní Ìlọrin. Nọ́ńbà kì í dúró sójú kan fún mi: mo lè wo 1,350 kí n kọ 1,530 sílẹ̀, tí òdo bá sì ti pọ̀, ojú mi á dàrú. Bàbá àwọn ọmọ ń fún mi ní ₦80,000 owó ilé tí oṣù bá parí. Èmi náà ń rí ₦2,000 sí ₦4,000 lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wà. Gbèsè tó wà nílẹ̀ rèé: ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ₦120,000 ló kù, ₦15,000 ni mò ń san lóṣù, áàpù orí fóònù, ₦35,000, ọjọ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, ìyá oníprófíṣọ̀n, ₦18,500, owó ilé-ìwé ọmọ, ₦22,000. Èwo ni kí n kọ́kọ́ san? Báwo ni mo ṣe lè mójú tó owó ilé tí mi ò ní máa ṣírò lójoojúmọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Olùkọ́ Ìṣirò, Tánkẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ohun tí ẹ sọ yìí jọ èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dyscalculia. Kì í ṣe òpè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó ní in lè mọ ìwé kà dáadáa, nọ́ńbà nìkan ni yóò máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bóyá òun ló ń ṣe yín tàbí òun kọ́, ọgbọ́n kan náà ló máa ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ fi yíyọ owó kúrò nínú owó sílẹ̀. Ibi tí owó ilé ti ń dàrú mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ni "mo ní eélòó, mo ná eélòó, ó ku eélòó", torí ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́sẹ̀, àṣìṣe ọjọ́ Ajé ni ẹ ó sì gbé dé ọjọ́ Sátidé. Ẹ pín owó lọ́jọ́ tó dé, kó tán síbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ̀rún nìkan ni kí ẹ máa kọ. Owó tó ń jáde, ẹ gbé e sókè: ₦7,400 di 8. Owó tó ń wọlé, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: ₦3,700 di 3. Bí ìwé yín bá tilẹ̀ ṣì, owó ló máa ṣẹ́ kù, kò ní dín. Ẹ ra ìwé alápòótí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò, kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀. Òdo ò ní rìn lọ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Tí ẹ bá ń ro ó pọ̀ lórí fóònù, ẹ rò ó láti òkè, kí ẹ tún rò ó láti ìsàlẹ̀. Tí ìdáhùn méjèèjì ò bá dọ́gba, tí ohun tó fi jura wọn lọ sì ṣe é pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ló pààrọ̀ àyè. 1,530 fi 180 ju 1,350 lọ, 180 sì jẹ́ mẹ́sàn-án lọ́nà ogún.

Elérù, Ọjà Ìpátá:
Olùkọ́, ẹ má bínú o, ẹni tó ní ìṣirò ń da òun láàmú lẹ tún ń fún ní mẹ́sàn-án lọ́nà ogún?

Aránṣọ, ọmọ mi, fi ọwọ́ ṣe é. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ bá fún ọ lówó, gbà á ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rin ẹyọ. Èyí tó ní orí èèyàn méjì lára ni ẹgbẹ̀rún kan. Orí ẹnì kan ló wà lára ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti igba. Má fi àwọ̀ nìkan dá owó mọ̀, torí èyí tí wọ́n pa láró lọ́dún 2022 ṣì ń bá ti àtijọ́ rìn pọ̀. Orí èèyàn ni kí o wò.

Wá máa pín in bí ẹni pín ẹran. Ọ̀rá oúnjẹ mẹ́rin, ẹyọ méjìlá-méjìlá, ọ̀sẹ̀ kan lọ́ra kan. Ọ̀rá karùn-ún fún ọjọ́ méjì mẹ́ta tó bá ṣẹ́ kù lóṣù, ẹyọ mẹ́rin. Ti ẹgbẹ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí kò gbọdọ̀ sùn nílé. Iná, márùn-ún. Ọṣẹ àti ọkọ̀, márùn-ún. Ọ̀rá àìsàn, mẹ́ta. Owó ti tán lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, kò sí ohun tí o yọ nínú ohun kan. Tí iye yìí ò bá bá ilé rẹ mu, ṣí ẹyọ kan kúrò nínú ọ̀rá kan sínú òmíràn. Ọgọ́rin náà ni.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: ọ̀rá ọ̀sẹ̀ kìíní tán ní Ọjọ́bọ̀, o ṣí ti ọ̀sẹ̀ kejì. Tí o bá ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan, oṣù ti bọ́. Ohun tó ń fà á, owó lo fi ń wọn oúnjẹ. Kóńgò ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Fi agolo mílíìkì wọn ìrẹsì, gàrí àti èlùbọ́ kí o tó dá a sí ìkòkò, fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Wàá mọ̀ pé agolo báyìí ni ilé rẹ ń jẹ, wàá sì mọ iye agolo tó wà nínú kóńgò ẹni tí ò ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Kóńgò ò dọ́gba lọ́jà, mo wà níbẹ̀. Àwọn kan ti fi òòlù lu ìdí tiwọn wọnú.

Akápò Ẹgbẹ́, Ọ̀fà:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ti gbèsè ni kí n mú.

Ohun tó ń mú onígbèsè ṣì rìn ni pé gbèsè tó pọ̀ jù ló ń bà á lẹ́rù. ₦120,000 yẹn ló tóbi jù lójú yín, òun ló sì fara balẹ̀ jù: iye tí ẹ ó san ò yí padà, oṣù mẹ́jọ ló kù. Ẹ ya àpótí mẹ́jọ sára ògiri, kí ẹ fi bírò pa ọ̀kan rẹ́ lóṣooṣù. Ẹ má jẹ́ kó fo oṣù kan, torí onídùúró yín ni ẹgbẹ́ máa dì mú, owó tí ẹ ti fi pamọ́ lọ́dọ̀ wọn náà sì lè bá a lọ.

Áàpù ni ẹ máa kọ́kọ́ pa, torí òun nìkan ló ń dàgbà nígbà tí ẹ bá sùn. Ìyá oníprófíṣọ̀n àti ilé-ìwé ò gba èlé. Ẹ lọ bá ìyá náà kó tó wá bá yín: ₦1,000 ní gbogbo Sátidé. Ẹ ó san ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún Sátidé méjìdínlógún, ìkọkàndínlógún jẹ́ ₦500, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ má tún ra àwìn tuntun sórí ìwé kan náà. Owó ọwọ́ ni kí ẹ máa fi rajà níbẹ̀. Ilé-ìwé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, ₦8,000, ₦7,000, ₦7,000, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i lórí ìwé.

Owó ìránṣọ yín ló máa ṣe èyí, kì í ṣe owó ilé. Lójoojúmọ́ tí iṣẹ́ bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ yọ owó òwú, síìpù àti inú aṣọ sọ́tọ̀, torí kì í ṣe èrè. Lẹ́yìn náà, ₦1,000 kan sínú ọ̀rá áàpù, ₦500 kan sínú ọ̀rá ilé-ìwé. Tí iṣẹ́ bá wà lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje ni ₦35,000 pé. Kí èlé rẹ̀ má bàa ṣíwájú yín, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ san ohun tó wà nínú ọ̀rá, ẹ má dúró kó pé.

Aránṣọ, Gáà-Akanbí:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Mo fẹ́ bi Akápò: ẹnì kan ní kí n gba ₦100,000 lọ́wọ́ òun ní ìdá mẹ́wàá lóṣù, oṣù mẹ́fà, kí n fi san àwọn kéékèèké mẹ́ta yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí n máa san ẹyọ kan ṣoṣo. Ìyẹn ò ní rọrùn fún orí mi jù?

Akápò Ẹgbẹ́, Ọ̀fà:
Á rọrùn fún orí, á wúwo fún àpò. Ẹ má béèrè "ìdá mélòó" mọ́ láé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi ayánilówó: "Tí mo bá gba owó yìí, gbogbo ohun tí mo máa san títí yóò fi tán jẹ́ náírà mélòó?" Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i.

Tó bá jẹ́ pé orí ₦100,000 àkọ́kọ́ ló ń ka ìdá mẹ́wàá lé lóṣooṣù, èlé á jẹ́ ₦60,000. Ẹ ó san ₦160,000, bíi ₦26,700 lóṣù. Tó bá jẹ́ orí èyí tó kù lẹ́yìn ìsanwó kọ̀ọ̀kan, bíi ₦23,000 ni lóṣù, gbogbo rẹ̀ á sún mọ́ ₦138,000. "Ìdá mẹ́wàá" kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì, nǹkan bíi ₦22,000 ló wà láàárín wọn.

Àwọn mẹ́ta tí ẹ fẹ́ fi san jẹ́ ₦75,500 lápapọ̀, méjì nínú wọn ò sì ní èlé rárá. Ẹ fẹ́ lọ ra èlé fún gbèsè tí kò bí èlé. Ẹ má ṣe é. Kí ẹ lè máa rí gbogbo rẹ̀ lójú kan, ẹ lẹ ìwé mẹ́ta mọ́ ara ògiri, ìwé kan fún gbèsè kan, ó tó.

Oníṣẹ́ Fóònù, Ojú Ọ̀nà Taiwo:
Àǹtí, lórí áàpù yẹn: ẹ kọ̀wé sí wọn kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ bèèrè pé kí wọ́n gbà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣọ́ bọ́tìnì tó ní kí ẹ sún ọjọ́ síwájú. Lọ́pọ̀ ìgbà owó ìsúnsíwájú lásán lẹ máa san níbẹ̀, ₦35,000 ò ní dín kọ́bọ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ńbà àkáǹtì tó wà nínú áàpù gan-an ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí yín pé òun ni agbowó wọn. Ẹ ya àwòrán gbogbo ìsanwó pamọ́. Ẹ má fọwọ́ kọ nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ dà á kọ lórí fóònù. Orúkọ tó bá jáde ni kí ẹ kà, ẹ gbàgbé nọ́ńbà. Iye owó náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà á sókè kí ẹ tó tẹ PIN.

Ẹ má sá o. Láti ọdún 2020 ni CBN ti gbé ètò kan kalẹ̀ tó jẹ́ kí báńkì lè yọ gbèsè tó ti kọjá ọjọ́ nínú àkáǹtì mìíràn tó so mọ́ BVN onígbèsè. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń pe àwọn tó wà nínú fóònù yín láti dójú tì yín, ìyẹn lòdì sí òfin. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ni kí ẹ fi ẹjọ́ sùn. Lórí ìkànnì wọn náà ni orúkọ àwọn ayánilówó tí wọ́n gbà láyè wà.

Áfáà, Òkèlélé:
Àsàlámù àléékúmù. Nínú Suratul-Baqarah, aaya 282, Ọlọ́run pàṣẹ kí a kọ gbèsè sílẹ̀. Aaya yẹn náà ló sọ pé tí onígbèsè bá jẹ́ ẹni tí kò lè pè é fúnra rẹ̀, kí alábòójútó rẹ̀ bá a pè é pẹ̀lú òdodo. Nítorí náà, kò sí ìtìjú nínú kí ẹ mú ẹni tí ẹ fọkàn tán, tó mọ ìṣirò, lọ síbi tí wọ́n bá ti ń kọ ìwé. Aaya 280 sì ní kí ayánilówó fún onígbèsè tí nǹkan le fún ní àsìkò títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ lè fi ìyẹn bẹ ìyá oníprófíṣọ̀n.

Tó bá di ọjọ́ iwájú tí ẹ nílò maṣíìnì ìránṣọ, ẹ wá ẹgbẹ́ tí kì í gba èlé. Àwọn á ra maṣíìnì náà, wọn á tà á fún yín ní iye kan tí ẹ ti jọ mọ̀, ẹ ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Iye yẹn ò ní yí padà bí ọjọ́ bá tilẹ̀ yẹ̀.

Alájọ, Pàkátà:
Káàdì àjọ dára fún irú yín gan-an, torí àpótí lẹ ó máa kà, kì í ṣe owó. ₦500 lójúmọ́, àmì kan nínú àpótí kan. Oṣù ọlọ́jọ́ 31 fún yín ní ₦15,500, alájọ á mú ti ọjọ́ kan, ₦15,000 á bọ́ sọ́wọ́ yín. Owó ẹgbẹ́ ti oṣù kan nìyẹn gééré. Káàdì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kó fọwọ́ sí i níṣojú yín. Ẹ gba owó lóṣooṣù, ẹ má jẹ́ kó di oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó ṣeé fọkàn tán tó.

Aránṣọ, Gáà-Akanbí:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ò bá wọlé rárá ńkọ́? Ṣé kí n fi ti ilé sí i?

Elérù, Ọjà Ìpátá:
Rárá o. Àpótí ọjọ́ yẹn lórí káàdì á ṣófo, kó ṣófo. Má fi ẹyọ ọ̀rá oúnjẹ dí i, má sì sọ pé wàá san méjì lọ́la, torí ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa padà wọlé. Ọ̀la, ẹyọ kan náà.