Máratọ́ọ̀nù ti parí, ìgbà wo ni kí n padà sí triathlon (ìdíje lílúwẹ̀ẹ́, gígun kẹ̀kẹ́ àti eré sísá)?

Àdìó, Gwarinpa: Ẹ̀yin ará, mo ti sá kìlómítà 42 tán, àmọ́ itan ń ro mí débi pé ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kí ni kí n kọ́kọ́ padà sí?

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ẹ kú orí ire, bọ̀dá! Ẹ lọ lúwẹ̀ẹ́. Omi ò ní ni orúnkún yín lára bí ọ̀dà títì ṣe máa ń ṣe. Eré sísá ló máa kẹ́yìn.

Alágbà Jabi: Bẹ́ẹ̀ ni. Tí ìrora bá rọlẹ̀, ẹ gun kẹ̀kẹ́, jíà fífúyẹ́ ni o, kí oòrùn tó mú. Ẹ má dán òkè Katampe wò! Ẹ sì máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà dáadáa.

Àdìó: Ẹ ṣé. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ sùn ná.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbọ́ tiẹ̀, jàre.