Server méjì ń du àdírẹ́ẹ̀sì IP kan ṣoṣo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì n'Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Ètò HAProxy ló ń pín ẹrù iṣẹ́ lórí server méjì; tí ọ̀kan bá kú, ètò keepalived á gbé àdírẹ́ẹ̀sì IP wa sórí èkejì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo wàhálà NEPA.

Àfi ìgbà tí a pààrọ̀ switch (ẹ̀rọ tó so àwọn server náà pọ̀). Server méjèèjì wá ń pe ara wọn ní MASTER (ìyẹn ẹni tí IP náà wà lọ́wọ́ rẹ̀), àwọn oníbàárà Àgọ́-Ìwòyè ò sì jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Mo fi tcpdump (ètò tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn) wò ó: VRRP (ìránṣẹ́ tí keepalived fi ń sọ pé òun ṣì wà láàyè) tó ń lọ sí 224.0.0.18 (àdírẹ́ẹ̀sì multicast, ìyẹn ti ẹgbẹ́) ń jáde lára ọ̀kan, kò dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ṣé IGMP snooping (bí switch ṣe ń yan ibi tó máa fi multicast ránṣẹ́ sí) ló ń gbé e mì ni? Àbí kí n kúkú lo unicast_peer, kí wọ́n máa ránṣẹ́ síra wọn tààrà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn.